Ẹ̀wù Tí Hánà Ń Dá Lọ́dọọdún

Ẹni tó bá gba Deptford High Street kọjá lọ́jọ́ ọjà lásìkò yìí yóò rí àwọn ìyá pẹ̀lú báàgì yúnífọ́ọ̀mù lọ́wọ́ kan, iṣu àti ata rodo lọ́wọ́ kejì, tí àwọn ọmọ sì ń fajú ro tẹ̀lé wọn nítorí pé bàtà tí Mọ́mì yàn kọ́ ni wọ́n fẹ́.

Ẹsẹ Bíbélì tí a fẹ́ kí a jọ rò wà nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní, orí 2, ẹsẹ 19. A sábà máa ń sáré kọjá lórí rẹ̀. Hánà ti fi Sámúẹ́lì sílẹ̀ ní Ṣílò lọ́dọ̀ Élì àlùfáà. Síbẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ bá ń gòkè lọ láti rúbọ, ẹ̀wù kékeré tuntun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọmọ náà. Ẹ wò ó dáadáa. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni ọmọ yìí ti ń dàgbà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ tiwa ṣe ń lo ọ̀pọ̀ wákàtí lọ́wọ́ àwọn tíṣà tí a kò mọ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n Hánà kò dá ẹ̀wù kan ṣoṣo kó ní ó parí. Ó mọ̀ pé ọmọ tí òun rí lọ́dún tó kọjá ti ga sí i.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni pé kí a tún àwọn ọmọ wa wọ̀n lọ́dún yìí, kì í sì í ṣe ejìká àti ẹsẹ̀ nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé ẹ̀wù ọmọ ọdún 9 wọ ọmọ ọdún 16, nínú ọ̀rọ̀ tí a ń bá a sọ àti nínú ohun tí a rò pé ó ń dùn ún.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ara, nítorí pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni iṣẹ́ wa. Ọmọ tó ń bàlágà nílò oorun wákàtí 8 sí 10 lóru. Kí fóònù má ṣe bá a sùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fóònù nìkan ló ń gba oorun ọmọ. Bí ìṣọ́ òru ọjọ́ Jímọ̀ bá gba díẹ̀, tí ìpàdé ọjọ́ Sátidé àti ìsìn ọjọ́ Àìkú sì gba ìyókù, kí ni yóò gbé lọ síléèwé lọ́jọ́ Ajé? Olúwa kò bínú sí ọmọ tó sùn.

Lẹ́tà abẹ́rẹ́ àjẹsára yóò ti iléèwé wá. Ní Year 8 ni wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ HPV, tọkùnrin tobìnrin. Láti September 2023, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Àwọn òbí kan kì í buwọ́ lu ìwé náà, wọ́n ní ó dà bí ẹni ń fún ọmọ láyè láti ṣe ìṣekúṣe. Rárá o. Ààbò ni lọ́wọ́ àrùn jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù lọ bí a bá gún un kí ọmọ tó mọ nǹkan kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ buwọ́ lù ú. Ọmọ tó bá sì ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ lọ bá iléèwé sọ ọ́ kí òtútù tó dé: kí wọ́n jẹ́ kó máa mu omi nínú kíláàsì, kó máa lọ sílé ìtọ̀ nígbàkigbà, kó má sì bọ́ kóòtù nítorí òfin yúnífọ́ọ̀mù. A mọ̀ pé àwọn kan ń fi í pamọ́. Ìtìjú kì í gba ọmọ lọ́wọ́ ìrora egungun lóru.

Ti ọkàn le ju ti ara lọ. Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 19, Èlíjà, akọni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́gun àwọn wòlíì Báálì, jókòó sábẹ́ igi nínú aginjù, ó sì bẹ Ọlọ́run pé kí òun kú. Áńgẹ́lì tó wá bá a kò bá a jà. Ó jẹ́ kó sùn, ó fún un ní àkàrà àti omi, ó jẹ́ kó tún sùn, ó sì tún bọ́ ọ. Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá. Àwa òbí Yorùbá, ọ̀rọ̀ la máa ń fi ṣáájú: "Nígbà tí mo wà bíi tìẹ, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ síléèwé." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn.

Bí ọmọ bá pa oúnjẹ tì, tí kì í jáde nínú yàrá mọ́, tí ó ń wọ aṣọ alápá gígùn nínú ooru bí ẹni ń fi nǹkan pamọ́, ẹ má pè é ní ọlẹ, ẹ má sì sáré sọ pé ẹ̀mí kan ló wọ inú rẹ̀. Ẹ jókòó tì í. Ẹ béèrè, kí ẹ sì dákẹ́. Bí ó bá sọ pé ayé sú òun, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ mú un lọ bá GP; bí kò bá ṣeé dúró dè, ẹ pe 111, kí ẹ tẹ 2, tọ̀sán-tòru ni; bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, 999 ni. Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹnu yín kò bá gbà á láti bá ará ilé sọ ọ́, Childline wà ní 0800 1111. Ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í hàn nínú bíìlì fóònù. A ó bá yín gbàdúrà, a ó sì bá yín lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹni tó bá ní kí ẹ yan ọ̀kan nínú méjèèjì kò tíì ka orí 19 yẹn tán.

Ìbẹ̀rù ojú ọ̀nà náà wà. Kò yẹ kí a gbàgbé Damilola Taylor, ọmọ ọdún 10, tó pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ ní North Peckham ní ọjọ́ 27 oṣù November, ọdún 2000, nígbà tó ń ti Peckham Library bọ̀ wálé. Oṣù díẹ̀ péré ló ti dé láti Nàìjíríà. Àwọn òbí rẹ̀ dá Damilola Taylor Trust sílẹ̀ kí àwọn ọmọ ẹlòmíràn lè rí ọ̀nà. Ẹ mọ ọ̀nà tí ọmọ yín ń gbà bọ̀, kí ẹ mọ ẹni tó ń bá a wọ bọ́ọ̀sì.

Nísinsìnyí, iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe. Bí a bá bi àwọn ọmọ ní ìjọ pé kí ni wọ́n fẹ́ dà, dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà ni, ojú Dádì ni wọ́n sì ń wò. Bí ó bá jẹ́ dókítà lóòótọ́, kí ó rántí pé ọjọ́ 15 oṣù October ni UCAS ń ti ilẹ̀kùn ti ìmọ̀ ìṣègùn, àti ti Oxford àti Cambridge. Kò dúró de January. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀wù yẹn kò bá bá a mu ńkọ́? T level ti wà láti ọdún 2020: ọdún méjì ni, ó dọ́gba pẹ̀lú A level mẹ́ta, ọmọ yóò sì lo ọjọ́ 45 ó kéré tán ní ibi iṣẹ́ gidi. Apprenticeship náà wà, níbi tí ọmọ ti ń gba owó iṣẹ́ tí kò sì san owó ẹ̀kọ́. Wọ́n ń gba ọ̀nà yìí di nọ́ọ̀sì pẹ̀lú dígíríì, èyí tí àwa tí a fi díplómà wọṣẹ́ kò ní láyé ìgbà náà. Kì í ṣe iṣẹ́ aláìmọ̀wé o.

Ó ku ẹ̀wù kan tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ kí a mẹ́nu kàn, ìyẹn ọ̀rọ̀ pépà. Kò yẹ kí ọmọ ọdún 17 ti orí fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó yunifásítì kọ́kọ́ mọ̀ pé òun kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Òfin ọdún 1981 sọ pé ọmọ tí a bí síbí, tó sì gbé níbí fún ọdún 10 àkọ́kọ́ ayé rẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀ di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ì báà jẹ́ pé òbí rẹ̀ kò ní pépà. Kì í wá fúnra rẹ̀. Àfi kí a kọ̀wé. Kí ọmọ má sì ti kúrò nílẹ̀ yìí ju 90 ọjọ́ lọ nínú ọ̀kankan nínú àwọn ọdún náà. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ọmọ lọ sílé pé kó lọ kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ Màmá Àgbà, ẹ béèrè. Láti June 2022, ẹni tí kò bá lágbára owó fọ́ọ̀mù náà lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọmọ.

Lẹ́tà iléèwé tàbí ti NHS tí kò bá yé yín, ẹ mú un wá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, a ó jọ kà á. Ti Home Office, ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò tàbí agbaninímọ̀ràn tí ìjọba fún láṣẹ ni kí ẹ gbé e lọ. Àwa kò ní àṣẹ náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ejẹ́ǹtì lẹ́yìn ọjà kò ní in.