Ẹ̀tọ́ Ni Oúnjẹ, Àbí Àánú?

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ebi náà gan-an ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Àgbẹ̀ oníṣu ni àwa Ọ̀wé ní Kàbà. Mo gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé láyé àtijọ́, bí ebi bá ká èrò mọ́ ojú ọ̀nà, ó lè wa iṣu kan nínú oko olóko, kí ó sun ún jẹ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì yóò pè é ní olè. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé iṣu lọ sílé, olè ni. Ikùn ni wọ́n fún ní ẹ̀tọ́, kì í ṣe apẹ̀rẹ̀.

Bí èrò bá ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí, ilé ẹjọ́ ni ó lè bá ara rẹ̀. Èmi kò bá olóko jà, òógùn rẹ̀ ni. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 16, ní kí ìjọba rí i pé gbogbo ọmọ ìlú rí oúnjẹ tí ó tó jẹ. Ní ọdún 2023, a tún un ṣe, a sì dárúkọ ẹ̀tọ́ sí oúnjẹ. Síbẹ̀, abala 6 ìwé kan náà kò jẹ́ kí ilé ẹjọ́ gbọ́ ẹjọ́ lórí irú ìlànà bẹ́ẹ̀, àfi níbi tí ìwé náà bá ti sọ ọ̀tọ̀. Olóko lè pe elébi lẹ́jọ́. Elébi kò rí ibi pe ìjọba.

Ẹnìkan lè wí pé irú ẹ̀tọ́ yìí yóò sọ ènìyàn di ọ̀lẹ. Rárá o. Ní ọdún 2001, nígbà tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ènìyàn ti Áfíríkà dá ìjọba Nàìjíríà lẹ́bi lórí ọ̀ràn ilẹ̀ Ògóni, kò ní kí ìjọba máa fi òkèlè sí ènìyàn lẹ́nu. Ó ní kí ìjọba má ba orísun oúnjẹ wọn jẹ́, kí ó má sì jẹ́ kí ẹlòmíràn bà á jẹ́. Àgbẹ̀ Òkun tí ẹ̀rù ajínigbé kò jẹ́ kí ó dé oko kò tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà oko ni ó ń bèèrè.

Àánú dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣàánú lónìí lè ṣíwọ́ lọ́la. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ òfin, nígbà tí ẹ bá di adájọ́ tàbí aṣòfin, ẹ má gbàgbé èrò ẹ̀bá ọ̀nà yẹn.