Ẹyẹ Tí A Kò Pa Jẹ

Bí ẹnìkan bá dúró lábẹ́ igi ní ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn tí ó kọjú sí Agbowó, tí ó ń wo ẹyẹ láìmú kànnàkànnà lọ́wọ́, ọ̀lẹ ni àwọn mìíràn ń pè é. Ǹjẹ́ ó tọ́? Ta ni ó fi ìkòkò ọbẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n ẹ̀dá?

Wíwò ni Elgood, olùkọ́ níbẹ̀ nígbà náà, fi mọ̀ pé ẹgà kan, dúdú olórí pupa, yàtọ̀ sí ìyókù. Ní 1958 ó kọ̀wé nípa rẹ̀, ó sì fi orúkọ Ìbàdàn sọ ọ́. (Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn kò gbọ́ rí!) Bí ó bá run, ẹni tí kò wò ó rí kò ní mọ ọjọ́ tí ó lọ. Oko àti ilé ti gba púpọ̀ nínú igbó rẹ̀. Igbó IITA lọ́nà Ọ̀yọ́ wà lára ibi ìsádi tí ó kù fún un.