Ta Ni Iyọ̀ Jọ?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀, àwọn ẹbí mi yóò péjọ sí ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ring Road. Wọn yóò bi mí pé kí ni mo fẹ́ ṣe sí ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlógún kan tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Agbowó. Àbúrò mi ni bàbá rẹ̀, ó sì wà lẹ́wọ̀n nítorí owó olówó. Ní oṣù tó kọjá, owó sọnù ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ní Dùgbẹ̀, lọ́jọ́ tí ọmọ yìí lọ bá a jókòó níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i pé ó mú un. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti dájọ́ lórí fóònù: "Ẹni bíni là ń jọ. Ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Mú un lọ sí abúlé kó tó ba àwọn ọmọ tìrẹ jẹ́."

Kí n má purọ́ fún yín, mo ti gbà fún un tán nínú ọkàn mi. Iyọ̀ ló dá mi dúró.

Ọmọ náà ń múra ìdánwò WAEC. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, mo bá a ní kíṣìnì, ó gbé páànù méjì tí ìyàwó mi fi ń dín dòdò ka orí gáàsì. Ó da iyọ̀ sí ọ̀kan, ó da ṣúgà sí èkejì. Mo pariwo mọ́ ọn pé ṣé ó fẹ́ jó ilé mọ́ wa lórí ni. Ó ní, "Ẹ má bínú, Dádì. Kẹ́mísírì ni." Kò pẹ́ tí ṣúgà fi yọ́, ó pọ́n, ó dúdú, ó ń rú èéfín. Iyọ̀ kàn ń ta pá-pá-pá ni, funfun rẹ̀ kò yí padà.

Mo bi í pé kí ló fà á. Èmi náà ka kẹ́mísírì nílé ẹ̀kọ́ girama o, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo ṣe ìdánwò tán ni mo ti fi sílẹ̀ síbẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ bí nǹkan ṣe di ara wọn mú ni. Nínú ṣúgà, àwọn átọ̀mù jọ ń ná ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan náà, bíi tọkọtaya tó ní àpò kan ṣoṣo, wọ́n sì di mólékù. Ṣùgbọ́n mólékù kan àti èkejì kò fi bẹ́ẹ̀ di ara wọn mú. Aládùúgbò lásán ni wọ́n. Nígbà tí ooru bá tó nǹkan bí 186 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n ti tú ká. Ti iyọ̀ yàtọ̀. Sódíọ̀mù fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ta kílórínì lọ́rẹ. Ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà wá ń fa ara wọn mọ́ra, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní mẹ́fà irú ẹnì kejì tó yí i ká, bí agboolé ńlá tí kò ní ẹnu ọ̀nà. Ooru ní láti tó 801 kí iyọ̀ tó yọ́. Nítorí ìdè yìí náà ni iná mànàmáná fi ń gba inú omi iyọ̀ kọjá, tí kì í gba inú omi ṣúgà.

Ó wá ṣàlàyé àwọn òbí iyọ̀ fún mi. Ọ̀bẹ lásán ń gé sódíọ̀mù, inú epo ni wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sí, torí bó bá kan omi, ó lè gbiná. Kílórínì jẹ́ afẹ́fẹ́ olóró. Òun ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ sáwọn ènìyàn ní Ypres, nílẹ̀ Belgium, lọ́jọ́ 22 oṣù April 1915. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn méjèèjì di ara wọn mú, ohun tí à ń fi tọ́ ọmọ tuntun lẹ́nu níbi ìsọmọlórúkọ ni wọ́n dà.

Ó pa gáàsì. Kò wo ojú mi. Ó ní, "Dádì, nínú bàbá àti ìyá rẹ̀, ta ni iyọ̀ jọ?"

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ lórí fóònù.

N kò rí èsì fọ̀. Àgbàlagbà kì í sì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu òun, ni mo bá gbé ọ̀rọ̀ Bódìjà kò ó lójú. Ẹ ó rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 16 oṣù January 2024. A jókòó sí pálọ̀ wa ní Agbowó níbí nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì, tí gíláàsì fèrèsé fọ́. Ní Old Bódìjà ni nǹkan ti bú gbàmù. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ní àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sílé kan níbẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé wó, ó sì ní ènìyàn 77 ló fara pa. Mo sọ fún ọmọ náà pé, "Ṣé o rí i? Nǹkan burúkú lè wà nínú ilé, kí a má mọ̀."

Ó mi orí. Ó ní náítírójìn ló wà nínú púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta, òun náà ló sì kó ìpín 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, tí kò ṣe wá ní nǹkan kan. Mo ní ṣebí ìdè rẹ̀ ló já tó fi bú gbàmù? Ó ní ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: kí ìdè tó já, agbára ló ń gbà, ìgbà tí wọ́n bá di ìdè tuntun ni agbára ń jáde. Nínú ohun abúgbàmù, wọ́n so náítírójìn mọ́ ẹni tí kò dì í mú dáadáa. Bí iná bá ti kàn án báyìí, yóò sáré lọ bá náítírójìn bíi tirẹ̀, wọn yóò sì di ara wọn mú ní ìdì mẹ́ta. Ìyára ìpàdé wọn yẹn ló ń wó ilé.

N kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Mo ń rántí àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n máa ń jókòó ní iwájú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ilé wa, tí wọ́n ní fóònù olówó ńlá, tí a kò mọ iṣẹ́ wọn. Bí ọmọ yìí bá kọjá, wọ́n a pe orúkọ rẹ̀, wọ́n a bì í léèrè bó ṣe jí. Èmi ńkọ́? Mo ń san owó ilé ìwé rẹ̀, mo ń fún un lóúnjẹ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí owó ti sọnù, n kò bá a jẹun pọ̀ rí. Wọ́n ní àgùntàn tó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló lé àgùntàn kúrò nínú agbo?

N kò sọ pé ènìyàn jẹ́ iyọ̀ o. Átọ̀mù kò lè yan ẹni tí yóò bá lọ. Ọmọ ènìyàn lè yàn án. Bó bá jẹ́ pé òun ló mú owó náà lóòótọ́, yóò tẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, a ó sì jọ san án. Ṣùgbọ́n kí n lé e lọ nítorí ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni yóò kọ́kọ́ ṣàlàyé fún mi bó ṣe jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ yẹn kan náà ló wà lára tèmi-tirẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ lọ sọ ní Ring Road nìyẹn. N kò mọ̀ bóyá wọn yóò gbọ́.

Ṣúgà yẹn ṣì lẹ̀ mọ́ páànù títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. A rẹ ẹ́ sínú omi, a fi irin ha á, kò kúrò. Ìyàwó mi ní òun kò ní fọwọ́ kàn án, pé àwa méjèèjì tí a jọ wà ní kíṣìnì lálẹ́ ọjọ́ náà ni yóò fọ̀ ọ́. Ọmọ náà ti ń pè mí.