Orílẹ̀-èdè Tí Ọrọ̀ Ajé Rẹ̀ Ti Wó, Ó Ha Lè Dìde Bí?



Lẹ́yìn Mísà àkọ́kọ́ ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá, ọkùnrin kan nínú yín bi mí ní ìbéèrè tí ó wà lókè yìí. Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀ràn nínú ọ̀ràn owó. Ṣùgbọ́n mo rántí aránbàtà ará Gánà kan ní àdúgbò wa, ẹni tí ó di ẹrù rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1983 sínú irú àpò tí gbogbo wa wá ń pè ní Ghana-Must-Go. Àwọn ará Gánà tí Nàìjíríà lé nígbà náà tó mílíọ̀nù kan. (Gánà ti lé àwọn ènìyàn tiwa náà ní 1969.) Ọ̀dá àti iná igbó ni wọ́n bá nílé.

Ní 1964 sí 1965, kòkó Gánà lé ní 500,000 tọ́ọ̀nù. Ní 1983 sí 1984, kò ju bí 160,000 lọ. Ọ̀dá ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ́ ènìyàn. Bóòdù ìjọba ni ó ń ra kòkó, owó tí ó sì ń san fún àgbẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ fi ń gbé kòkó wọn gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ sí Tógò àti Ivory Coast. Àwọn mìíràn jẹ́ kí igbó bo oko. A ha lè dá wọn lẹ́bi pátápátá bí? Katikísìmù ka fífi owó iṣẹ́ alágbàṣe dù ú mọ́ àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí ń ké sí ọ̀run fún ẹ̀san. Lóòótọ́, àgbẹ̀ kì í ṣe alágbàṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ni òfin gbà á láàyè láti tà fún, kí ni ìyàtọ̀?

Ní oṣù kẹrin 1983, ìjọba Rawlings bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Wọ́n fi kún owó àgbẹ̀ léraléra, àgbẹ̀ sì padà sí oko. Ní 2010 sí 2011, kòkó Gánà kọjá 1,000,000 tọ́ọ̀nù. Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé ó lè dìde.

Ta ni ó san owó àtúnṣe náà? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ìjọba pàdánù iṣẹ́ wọn; aláìsàn ń sanwó ní ilé ìwòsàn kí a tó tọ́jú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kọ́ ni ó ba ilé jẹ́. Ní oṣù kejìlá 2022, Gánà tún kéde pé òun dá sísan ọ̀pọ̀ gbèsè òkèèrè dúró. Ní oṣù kejì 2023, àwọn arúgbó tí ó ti fẹ̀yìn tì lọ dúró sí iwájú ilé iṣẹ́ ìṣúná ní Àkúrà, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ kí a má ṣe fọwọ́ kan owó tí wọ́n yá ìjọba. Sophia Akuffo, adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè náà tẹ́lẹ̀ rí, wà láàárín wọn.