Olùkọ́ Tí Ó Sọ̀kalẹ̀ Kúrò Nínú Ọkọ̀

Ẹ̀kọ́ kíkà: Deuteronomi 32:11; Luku 10:1–20



Nígbà tí ọjọ́ Mósè ń lọ sí òpin, ó fi ìtọ́jú Ọlọ́run lórí Ísírẹ́lì wé ìṣe ẹyẹ idì. Idì a máa ru ìtẹ́ rẹ̀ sókè kí àwọn ọmọ rẹ̀ má bàa jókòó síbẹ̀ títí. Ṣùgbọ́n a máa na ìyẹ́ apá rẹ̀ láti gbé wọn, kí wọ́n má bàa ṣègbé. Láàárín nǹkan méjì wọ̀nyí ni iṣẹ́ olùkọ́ wà, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ṣòro. Kí á lè rí i kedere, ẹ jẹ́ kí á wo iṣẹ́ àwọn tí ń kọ́ ènìyàn ní wíwa ọkọ̀ òfúrufú.

Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a bí Charles Alfred Anderson ní ọdún 1907. Ènìyàn dúdú ni. Láti kékeré ni ọkàn rẹ̀ ti fà sí fífò lójú ọ̀run, ṣùgbọ́n àwọn tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà kọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ó yá owó, ó ra ọkọ̀ kékeré kan, ó sì fi sùúrù kọ́ ara rẹ̀ títí ó fi gba ìwé àṣẹ ní 1929. Lẹ́yìn náà ni Ernst Buehl, ọmọ Jámánì tí ó tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà, ràn án lọ́wọ́, tí ó fi gba ìwé àṣẹ tí ó ga ju ti ìṣáájú lọ ní 1932. Ní 1940, ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee ní Alabama, èyí tí Booker T. Washington jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ láti 1881 títí di 1915, pè é láti wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́, ó sì di olórí àwọn olùkọ́ níbẹ̀. Láàárín 1941 sí 1946, iye àwọn ọ̀dọ́ tí ó di awakọ̀ òfúrufú fún iṣẹ́ ogun ní Tuskegee súnmọ́ 1,000.

Ọkọ̀ tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà ní ibi ìjókòó méjì, olùkọ́ níwájú, akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn. Ọ̀pá ìdarí wà lọ́wọ́ olúkúlùkù wọn, a sì so méjèèjì pọ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá yí, èkejì a yí pẹ̀lú. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí kọ́ nínú èyí.

Èkínní, olùkọ́ rere a máa yọ ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá ń bá akẹ́kọ̀ọ́ di ọ̀pá mú nígbà gbogbo, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé òun ni ó ń wa ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Báyìí ni ọmọ tí olùkọ́ ń bá ṣe gbogbo ìṣirò rẹ̀ ti rí.

Èkejì, olùkọ́ rere kì í fi ewu pamọ́. Bí imú ọkọ̀ bá ga jù, tí eré rẹ̀ sì dínkù, afẹ́fẹ́ kò ní lè gbé ìyẹ́ rẹ̀ mọ́, yóò sì já wálẹ̀. Nítorí náà olùkọ́ a gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sókè réré, níbi tí àyè àtúnṣe wà, a sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ já. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ a fẹ́ láti fa ọ̀pá sẹ́yìn, kí imú ọkọ̀ lè ga sí i. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀ràn a burú sí i. Dípò èyí, ó ní láti ti ọ̀pá síwájú, kí imú rẹlẹ̀, kí eré sì padà. Ẹ kíyè sí i, ará: ẹni tí ìgbéraga ń já lulẹ̀ kò lè fi ìgbéraga gba ara rẹ̀ là. Ẹ kíyè sí èyí pẹ̀lú: àṣìṣe tí a ṣe lókè ṣeé tún ṣe, èyí tí a ṣe nítòsí ilẹ̀ ni í pa ni. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ ṣi owó kékeré kà lábẹ́ ojú yín lónìí, kí ó má bàa ṣi owó ìjọ kà lọ́la.

Ẹ̀kẹta, ọjọ́ ń bọ̀ tí olùkọ́ yóò sọ̀kalẹ̀. Ó tú ìgbànú rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ ní pápá, ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ ní òun nìkan. Ó dúró, ó gbójú sókè. Kò lè na ọwọ́ mú ọ̀pá mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò sí nínú ọkọ̀ náà mọ́, bíkòṣe ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Olúwa wa rán àádọ́rin ọmọ ẹ̀yìn jáde ní méjì-méjì nígbà tí Òun ṣì wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n padà tayọ̀tayọ̀ láti ròyìn iṣẹ́ wọn. Ó gbọ́ wọn, Ó sì tọ́ ayọ̀ wọn sí ọ̀nà. Kò rán wọn jáde láìkọ́ wọn, kò sì kọ́ wọn láìrán wọn jáde.

Ǹjẹ́ báwo ni ti wa ti rí? Àgbà ìjọ ń bẹ tí ó ti di ìwé ìṣirò ìjọ mú fún ogún ọdún, tí kò sí ọ̀dọ́ kan tí ó mọ bí a ti ń kọ ọ́. Ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ń bẹ tí ó fi kókó iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́, tí ó sì wí pé, “Wọn kò kọ́ èmi náà.” Wọn kò kọ́ Anderson pẹ̀lú. A ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́, ó ṣí i fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ó kú ní 1996. Àwọn tí ó kọ́ ti kọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti mọ ìgbà tí ó yẹ láti di ọ̀pá mú, kí Ó sì fún wa ní ìgboyà láti sọ̀kalẹ̀ nígbà tí àkókò bá tó. Àmín.