Ìwé Ìṣirò Méjì

Aránṣọ kan wà ní Ṣakẹ́tẹ́ nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, lẹ́bàá ọ̀nà tó já sí Pobẹ̀, tí mo máa ń yà kí bí mo bá ń kọjá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún, bọ́ọ̀lù sì ni ọmọ náà ń jẹ tó ń mu. Lọ́jọ́ kan tí òjò dá mi dúró sọ́dọ̀ rẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ máṣíìnì, ó fa ìwé kan yọ, ìwé ọmọ iléèwé tí etí rẹ̀ ti ká. Ó ní kí n wò ó. Bàtà bọ́ọ̀lù tòkúnbọ̀, 7,000 fráǹkì. Owó ọ̀kadà zẹ́mì lọ bọ̀ Pobẹ̀, 2,000. Òróró ìfira fún orúnkún, 600. Ẹyin, 100, ẹyin, 100, ẹyin, 100. Gbogbo rẹ̀ ló kọ ọjọ́ sí níwájú, lẹ́tà wẹ́wẹ́, bí ẹni ń gán etí aṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí, "kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?"

Kò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń rán. "Ọjọ́ tó bá là, yóò rí i pé kì í ṣe afẹ́fẹ́ ló gbé òun débẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń lọ nínú ẹrẹ̀, ìwé mìíràn ni mo ń rò, èyí tí ọmọ kọ nípa ìyá àti ọmọ ìyá, tí gbogbo ayé sì kà.

Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún ọdún 2015, Emmanuel Ṣèyí Adébáyọ̀, ẹni tí ìwé ìrìnnà Tógò fi "r" há nídìí orúkọ, gbé ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ sórí Facebook. Tottenham ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún nígbà náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹni ń ka owó lé tábìlì ló ṣe kọ ọ́: ilé tó kọ́ fún ẹbí láti inú owó iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ilé tó rà ní East Legon, ní Accra, ní mílíọ̀nù dọ́là kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, èyí tó ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin tí òun fi síbẹ̀ fi háyà láìsọ fún òun, owó iléèwé ọmọ ọlọ́mọ, owó ọkọ̀ òfuurufú sí ibi ìsìnkú tí ẹni tó gba owó náà ò yọjú sí. Ó ní kì í ṣe pé òun fẹ́ tú àṣírí ẹbí òun, pé kí àwọn ẹbí mìíràn nílẹ̀ Áfíríkà lè rí nǹkan kọ́ ni.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ nìkan la fi ń wọn ọmọlúàbí, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Lomé ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1984, Yorùbá tó ti Nàìjíríà lọ tẹ̀dó síbẹ̀ làwọn òbí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun tó ọmọ ọdún mẹ́rin kí òun tó rìn, tí ìyá òun ń gbé òun ti ibi ìwòsàn kan dé òmíràn. Ẹsẹ̀ yẹn kan náà ló gbé e dé Metz nílẹ̀ Faransé nígbà tí kò tíì tó ogún ọdún. Ní sáà 2002 sí 2003, góòlù 13 ló gbá wọlé fún wọn tí wọ́n fi padà sí ìpele kìn-ín-ní. Ó ti ibẹ̀ lọ sí Monaco, ó sì wọ Arsenal ní oṣù kìn-ín-ní 2006. Ọdún yẹn gan-an ni Tógò lọ sí Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n débẹ̀ rí, góòlù 11 tó jẹ nínú ìdíje ìyege ló sì ṣí ọ̀nà. Sáà 2007 sí 2008, ó jẹ góòlù 24 nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù ní Áfíríkà fún ọdún 2008. Ó ní lọ́jọ́ tí òun gbà á, òun mú ìyá òun gun orí pèpéle kí òun lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ẹ̀mí àtilépa nǹkan ńlá kò ṣàjèjì sí ọmọlúàbí. Ọmọlúàbí kì í ṣe ẹni tó káwọ́ gbera.

Akin náà ò sì wọ́n lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kìn-ín-ní 2010, wọ́n yìnbọn sí bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ Tógò ní Cabinda, ní Àǹgólà. Igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá àti agbẹnusọ ẹgbẹ́ náà kú. Adébáyọ̀ wà nínú ọkọ̀ náà. Lóṣù kẹrin ó ní òun ò gbá fún orílẹ̀-èdè òun mọ́. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ó padà wá ṣáá, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ tó wọ àárín àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú Ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà 2013, ohun tí Tógò ò ṣe rí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò lè fò dá. Lọ́jọ́ 12 oṣù kẹsàn-án 2009, nígbà tó jẹ góòlù sáwọ̀n Arsenal fún Manchester City, ó sáré la pápá já, láti ìdí kan dé ìdí kejì, kó lè lọ yọ̀ lójú àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Wọ́n ti bú u títí lọ́jọ́ náà. Ó tọrọ àforíjì lẹ́yìn rẹ̀. Bí inú bá bí ọkùnrin yìí, ojú ọjà ló máa ń gbé e gbà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ Facebook yẹn jáde, òwe kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn lọ́dọ̀ wa: ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Òótọ́ ni. Ẹni tó ka ẹ̀bùn rẹ̀ síta ti sọ ọ́ di gbèsè. Àwọn tó pa òwe yẹn sì sáré gbá òmíràn mú: bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ibẹ̀ lèmi àti wọn ti pínyà. Bí ó bá dàgbà ni òwe wí. Kò dárúkọ òkété tí èékánná rẹ̀ ṣì mú, tó ṣì lè gbẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀, tó wá dùbúlẹ̀ sẹ́nu ihò tó ń retí ọmú. Ọmọlúàbí kì í ṣe ẹrù afúnni nìkan; ẹni tó ń gbà náà ní ìwà tirẹ̀ tó yẹ kó hù.

Ẹ̀yin kan yóò ní mo ti ń gbè sẹ́yìn ọmọ. Rárá o. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni, ẹnu Adébáyọ̀ nìkan la sì kọ́kọ́ gbọ́. Ọdún mẹ́rin tí obìnrin fi gbé ọmọ tí kò lè rìn kiri, inú ìwé ta ni wọ́n kọ ọ́ sí? Èló ni?

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀ràn náà kò sí nínú owó. Ní Pobẹ̀ níbí, bí irú ẹjọ́ yẹn bá ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ olórí ẹbí ni yóò lọ. Wọn yóò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ìyá ilé yóò dá sí i, ẹnìkan yóò kúnlẹ̀, wọn yóò ní kí ẹnìkan lọ ra obì. Ó máa ń pẹ́, ó máa ń súni. Nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ tọ́, nítorí àwọn àgbà tó ń dá ẹjọ́ náà ti jẹ nínú owó ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ilẹ̀kùn. Ẹ wá wo ilé ti Adébáyọ̀: orírun wà ní Nàìjíríà, ìyá wà ní Lomé, ilé ńlá wà ní Accra, àwọn kan nínú ẹbí wà ní Yúróòpù, olówó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wo ni yóò gba gbogbo wọn? Facebook ló gbà wọ́n. N kò fi ìyẹn dá a láre, nítorí ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣeé fi obì àti ìkúnlẹ̀ tán, èyí tó wà lórí Facebook, àwọn ọmọ rẹ̀ náà yóò bá a níbẹ̀.

Ẹ má sì sọ fún mi pé kí èèyàn dákẹ́ ló dára jù. Rashidi Yekini, ẹni tó jẹ góòlù àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà nínú Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé, lọ́dún 1994, dákẹ́. Ó fi ara pamọ́ sí Ìbàdàn lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, kò wá oníròyìn, kò fi ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ ta ọjà. Ó kú lọ́jọ́ kẹrin oṣù karùn-ún 2012, ọmọ ọdún 48. Ìgbà yẹn ni ariwo tó sọ.

Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kẹfà 2024 ní Abidjan, Bẹ̀nẹ̀ na Nàìjíríà ní 2 sí 1. Jodel Dossou, ọmọ Dassa, ìlú àwọn Ìdáàṣà, ló jẹ góòlù kìn-ín-ní fún Bẹ̀nẹ̀, Steve Mounié sì jẹ ìkejì. Lójú ọ̀nà tiwa yìí, níbi tí ẹ̀gbọ́n ń gbé Bẹ̀nẹ̀ tí àbúrò ń gbé Nàìjíríà, èèyàn ò mọ ẹni tí yóò kí kú oríire. Bàbá mélòó ló lọ ra ìwé lọ́jọ́ kejì?

Mo tún yà lọ́dọ̀ aránṣọ náà láìpẹ́ yìí. Mo ní kó ṣí ojú-ewé kejì, kó kọ tọmọ náà síbẹ̀: omi tó ń pọn láràárọ̀, bọ́tìnnì tó ń gán, aṣọ àwọn oníbàárà tó ń lọ̀. Kò dá mi lóhùn. Bóyá ó bínú, n kò mọ̀. Bí a ti wà níbẹ̀ lọmọ náà ti pápá dé, ẹrẹ̀ pupa dé e ní orúnkún. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó ní ebi ń pa òun. Bàbá rẹ̀ wá inú àpò, ó fún un ní 200 fráǹkì pé kó lọ ra gààrí. Nígbà tí ọmọ jáde tán, ó na ọwọ́ sábẹ́ máṣíìnì, ó ṣí ìdérí bíírò, ó wo kàlẹ́ńdà ara ògiri kó tó kọ ọ́.