Ìwé Àlùfáà, Ìlù Ṣàngó

Nígbà tí ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ jáde ní 1921, ẹni tó kọ ọ́ ti pé ogún ọdún nínú sàréè. Láti 1897 ló ti parí iṣẹ́ náà ní Ọ̀yọ́, níbi tó ti ń bójú tó ìjọ Áńgílíkà. Ó dì í, ó fi ránṣẹ́ sílùú òyìnbó kí wọ́n lè bá a tẹ̀ ẹ́, bó ṣe sọnù nìyẹn. Ikú mú un lọ ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ìwé tí ojú ewé rẹ̀ lé ní 600, tí àwọn òpìtàn ń sá di títí dòní, ṣíún ló kù kó má dáyé.

Ẹdẹ wà nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n kò gbayè púpọ̀. Johnson sọ pé ayé Aláàfin Kòrì ni àwọn Ìjẹ̀ṣà ń da àwọn oníṣòwò tó ń ná ọjà Apòmù láàmú. Ọba rán akọni tafàtafà kan, Tìmì, pé kó lọ dí ọ̀nà yẹn. Tìmì dó sí Ẹdẹ, ó sì di ọba níbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n tún rán akọni mìíràn, Gbọ̀ńkà, pé kó lọ mú un wá. Bí Ẹdẹ Màpó Arógun ṣe wọ inú ìwé nìyẹn.

Ṣàngó ti wà níwájú ní tirẹ̀. Nínú ètò Johnson, Àjàká tún padà jọba lẹ́yìn rẹ̀, Aganjú náà jẹ, kó tó kan Kòrì. Ọba ni Ṣàngó níbẹ̀, ọba oníbìínú tó fẹ́ràn oògùn. Ó lọ dán oògùn ààrá wò lórí òkè, ààrá já lu ààfin òun fúnra rẹ̀, ó pa ìyàwó, ó pa ọmọ. Ìbànújẹ́ lé e kúrò lórí ìtẹ́, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Àwọn ọ̀tá ń fi ṣẹ̀sín pé ọba so. Ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá kọrí sí ilẹ̀ Ìbàrìbá, wọ́n lọ kọ́ oògùn tó ń pe ààrá sórí ilé. Nígbà tí ilé àwọn ẹlẹ́yà ń jó léraléra, ohùn yí padà kíá. Ọba kò so!

Ojú àlùfáà ni Johnson fi wo ọ̀rọ̀ náà. Ó ń ṣàlàyé bí èèyàn ṣe di ẹni tí wọ́n ń bọ, kò sì fi ìgbàgbọ́ tirẹ̀ pa mọ́. Síbẹ̀ ó kọ ọ́, ó kọ ọ́ délẹ̀. Ohun tó ń dùn ún ni pé àwọn ọ̀mọ̀wé Yorùbá ìgbà tirẹ̀ mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mọ ti Róòmù àti ti Gíríìkì, wọn kò sì mọ ti ilé baba wọn. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òun fúnra rẹ̀, Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1846, ìran Aláàfin Abíọ́dún sì ni.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà tí àwọn ará Ẹdẹ ì bá máa fi yangàn ju bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ. Níbi tí Johnson ti ń dárúkọ àwọn tó fún un ní ìtàn, ó dárúkọ Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, ó sì yìn ín bí òpìtàn tó mọ tinú tòde ilẹ̀ Yorùbá. Mùsùlùmí ni Lágúnjú, ó wà lára àwọn ọba Yorùbá tó kọ́kọ́ gba Ìsìláàmù. Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn: ọba Mùsùlùmí wà lára àwọn tó sọ ìtàn, àlùfáà ìjọ Kristi kọ ọ́ sílẹ̀, Ṣàngó sì wà nínú ohun tí wọ́n jọ tọ́jú. Kò sí èyí tó ń bọ òrìṣà nínú àwọn méjèèjì. Ta ló wá ni ìtàn náà?

Ọwọ́ ẹni kẹta ni ìbéèrè yìí ti wá le. Òṣogbo, tí kò jìnnà sí Ẹdẹ rárá, ni wọ́n bí Dúró Ládípọ̀ sí ní 1931. Òṣìṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà ni baba rẹ̀, iṣẹ́ tíṣà lòun náà ń ṣe. Ní 1961 ó ṣe orin Àjíǹde fún ìjọ All Saints ní Òṣogbo, ó sì gbé ìlù dùndún wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Inú bí àwọn àgbà ìjọ. Lójú wọn, ìlù yẹn ti mọ ojú ọ̀nà ilé òrìṣà jù. Ládípọ̀ kó orin rẹ̀ jáde, ó ń wá ibi tí yóò gbé e kalẹ̀ sí.

Ìgbà yẹn ni Ulli Beier fún un ní ìwé Johnson. Ọmọ Jámánì ni Beier, olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ni, ó sì ti gbé Ẹdẹ kó tó dé Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín, ó sì tún dunni díẹ̀: ọmọ Yorùbá kọ ìwé pé kí ọmọ Yorùbá má baà gbàgbé ara rẹ̀, àjèjì ló wá fi lé ọmọ Yorùbá lọ́wọ́. Ládípọ̀ kà á, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n ṣí fèrèsé fún un. Láàárín ọdún mélòó kan, eré mẹ́ta ló kọ nípa ọba Ọ̀yọ́. Ọba Mọ́rọ̀, tó dá lórí Aláàfin tó mú àwọn iwin èké, ni wọ́n fi ṣí gbọ̀ngàn Mbari Mbayo ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta 1962. Ilé ọtí Ládípọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n sọ di gbọ̀ngàn náà. Ọba Kò So tẹ̀ lé e ní 1963, Ọba Wàjà ní 1964.

Ẹni tó bá ka Johnson dáadáa kó tó wo Ọba Kò So, ẹnu á yà á. Nínú eré náà, kò sí Kòrì níbì kankan. Ṣàngó ló rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, ó fẹ́ kí ogun ibẹ̀ pa á. Ẹdẹ gba Tìmì, ó fi í jọba. Ṣàngó tún rán Gbọ̀ńkà lọ. Gbọ̀ńkà pe ọfọ̀ lé Tìmì ọlọ́fà iná lórí títí oorun fi gbé e lọ lójú ogun. Ọ̀tẹ̀ náà padà wálé, ọwọ́ Gbọ̀ńkà bọ́ sórí ọba tó rán an níṣẹ́, Ṣàngó sì jáde kúrò ní Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ìtìjú. Ládípọ̀ mú ìtàn méjì nínú ìwé kan, ó rán wọn pọ̀ bí aṣọ. Kòrì ló gé dànù bí etí aṣọ.

Ṣé irọ́ nìyẹn? Àwọn kan á ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á ní ẹni tó gba ìtàn lọ́wọ́ àgbà kò gbọdọ̀ fi ọba kan rọ́pò ọba mìíràn. Ẹ̀sùn yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó bá jẹ́ ìtàn ni Ládípọ̀ pè é. Ṣùgbọ́n Johnson ń wádìí ta ló ṣe é àti ìgbà wo. Ládípọ̀ ń wádìí ohun tó ń ṣe ọba tí agbára rẹ̀ pọ̀ ju ìfaradà rẹ̀ lọ. Ìtàn Tìmì àti Gbọ̀ńkà kún fún ọ̀rọ̀ yẹn, ti Ṣàngó náà kún fún un, ó sì yẹ kí wọ́n pàdé. Fágúnwà, tíṣà bíi tirẹ̀, ṣe ohun tó jọ ọ́ ní 1938: ìrìn-àjò onígbàgbọ́ tó wà nínú ìwé John Bunyan hàn nínú Ògbójú Ọdẹ, ṣùgbọ́n iwin igbó ilẹ̀ Yorùbá ló kún ojú ọ̀nà náà. Kò sẹ́ni tó pè é lólè.

Ohun tí Johnson kò lè fún Ládípọ̀ ni ohùn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà. Kò sí oríkì Ṣàngó níbẹ̀ bí ẹlẹ́gùn ṣe ń gbọ́ ọ kí ara rẹ̀ tó máa gbọ̀n, kò sí bàtá. Ládípọ̀ ní láti lọ jókòó sídìí àwọn tí wọ́n ń bọ Ṣàngó àti àwọn onílù wọn, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe òrìṣà náà. Ibí yìí ni ọ̀ràn ìgbàgbọ́ ti dé ojú rẹ̀. Ìwé àlùfáà lè sọ fún un pé ọba so. Abọ̀rìṣà tó ń kọ́ ọ ní oríkì kò ní í gbà bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ìdáhùn Ládípọ̀ wà lórí ìtàgé. Ó jẹ́ kí ọba so. Lẹ́yìn náà, ó jẹ́ kí ààrá sán, kí gbogbo ẹnu sì kígbe pé ọba kò so. Kò bu méjèèjì kù. Bí èèyàn bá jẹ́ ọmọ ìjọ, ó rí ọba tó kú. Bí ó bá jẹ́ oníṢàngó, ó rí olúwa rẹ̀ tó gòkè. Àwọn kan á pe èyí ní ìwà ẹlẹ́nu méjì. Ẹni tó ń kọ èyí kò rò bẹ́ẹ̀: ohun tí àwọn ọmọ Yorùbá púpọ̀ ń gbé kiri nínú ara kan náà ni Ládípọ̀ gbé síta. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe Ṣàngó, Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ ń ṣe Ọya, wọ́n sì gbé e dé Berlin ní 1964, wọ́n gbé e dé Bìrìtìkó ní 1965.

Ẹdẹ ìgbà yẹn ti ń gbé irú ayé bẹ́ẹ̀. Ọba John Adétóyèṣe Láoyè, tó jẹ Tìmì láti 1946 títí di 1975, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni. Onílù gidi sì ni, ó tún kọ̀wé nípa ìlù Yorùbá. Ẹ fojú inú wò ó: ọba gbé ìyáàlù dùndún kọ́ èjìká, ṣaworo ń ró létí awọ, ọwọ́ òsì ń fún ọsán pọ̀ kí ohùn ga, ó ń dẹ̀ ẹ́ kí ohùn wálẹ̀, kọ̀ǹgọ́ tó tẹ̀ lórí bí imú odídẹrẹ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn tó bá gbọ́ ìlù ń dáhùn kí ọba tó yanu. Bàtá kò rọ ẹnu bẹ́ẹ̀. Kólòlò ló ń ṣe, ó ń sọ̀rọ̀ gékegèke, ohùn yẹn sì ni Ṣàngó fẹ́. Ìgbìn ni ti Ọbàtálá. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tó mọ gbogbo èyí kò ní láti bọ èyíkéyìí nínú wọn kó tó mọ̀ wọ́n.

Nínú Ẹdẹ kan náà, bí ọdún Ọbàtálá bá dé, Ajagẹmọ àti Olúnwí á jà láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu. Olúnwí á borí, wọ́n á gbé Ajagẹmọ lọ, ọba á san owó ìràpadà kí wọ́n tó dá a padà. Beier rí i, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó di 1966, eré kan jáde ní Gẹ̀ẹ́sì lórí Ọbàtálá tó ṣẹ̀wọ̀n, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sì jẹ́ Ọ̀bọtúndé Ìjímèrè. Beier ló fi orúkọ yẹn bojú. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ọ̀bọ àti ìjímèrè lórúkọ èèyàn kan ṣoṣo yẹ kó ti fura.

Ohun tí ìwé bí kì í dúró síbi tí wọ́n bí i sí. Ọba Wàjà Ládípọ̀ dá lórí ẹlẹ́ṣin ọba ní Ọ̀yọ́ àti ọmọ rẹ̀. Wọlé Ṣóyínká mú ọ̀ràn kan náà, ó sọ ọ́ di eré tirẹ̀ tó jáde ní 1975, ó sì dárúkọ eré Ládípọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Ní 2017, Insa Nolte, Olúkòyà Ògẹ́n àti Rebecca Jones ṣe olóòtú odindi ìwé kan lórí bí Mùsùlùmí, ọmọlẹ́yìn Kristi àti abọ̀rìṣà ṣe ń gbé pọ̀ ní Ẹdẹ. Lágúnjú ì bá rẹ́rìn-ín; ilé rẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

Ládípọ̀ kú ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta 1978, ẹni ọdún 46. Ní 1972 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti tẹ Ọba Kò So jáde ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe é lórí ìtàgé. Ẹ̀yin tí ẹ bá rí i rà, ẹ wá ti Johnson kún un, kí ẹ ṣí i sí ibi tí Kòrì wà. Bí bàtá bá sì wà nítòsí, ẹ bẹ onílù kó bá yín lu ti Ṣàngó kí ẹ tó pa ìwé dé.